Àdìrẹ méjì láti inú àpò l'Ìtòkú: 36/100 ni àbí 1/3?

Ìbéèrè: àdìrẹ 10 wà nínú àpò kan, ẹlẹ́kọ (èyí tí a fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí a tó rẹ ẹ́) 6, oníko (èyí tí a fi ìko dì kí a tó rẹ ẹ́) 4. A fa méjì yọ láìwò, a ò dá èkíní padà. Kí ni ìṣeéṣe pé ẹlẹ́kọ ni méjèèjì?

Ọmọ Ìtòkú: 6/10 × 6/10 ni, 36/100. Kí la tún ń jà lé lórí?

Tísà Aké: Ẹ rọra. Ẹni tó dá aṣọ àkọ́kọ́ padà ló ni 36/100. Tí ẹlẹ́kọ kan bá ti jáde, 5 ló kù nínú 9. 6/10 × 5/9 = 30/90, ìyẹn 1/3. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa dín ti òkè kù, wọ́n á gbàgbé ti ìsàlẹ̀, wọ́n á wá kọ 5/10.

Ìyá Aláró: N ò gbà. Bí mo bá fa èkíní, tí n ò wò ó, tí mo fi há abíyá, ta ló sọ fún mi pé 5 ló kù? 6/10 ni aṣọ kejì ṣì jẹ́.

Tísà Aké: Òótọ́ ni, Ìyá wa, àmọ́ ìbéèrè mìíràn lẹ dáhùn. Aṣọ kejì lè jẹ́ ẹlẹ́kọ lẹ́yìn ẹlẹ́kọ, 30/90, tàbí lẹ́yìn oníko, 4/10 × 6/9 = 24/90. Ẹ pa á pọ̀, 54/90, 6/10 náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n méjèèjì ni wọ́n bèèrè. 30/90 nìkan ló bá a mu.

Ọmọ Ìtòkú: Tí mo bá ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Kò sí èkíní, kò sí èkejì.

Ọmọ Lísàbí: Kò yí nǹkan kan padà. Ọ̀nà tí a lè gbà mú méjì nínú 10 jẹ́ 10 × 9 ÷ 2 = 45. Nínú ẹlẹ́kọ 6, 15 ni. 15/45, 1/3 yẹn náà ni. Ibi tó ti ń dojú rú ni ẹlẹ́kọ kan, oníko kan: 6/10 × 4/9 fún yín ní 24/90, àmọ́ oníko náà lè kọ́kọ́ jáde, ó di 48/90. Oníko méjì, 12/90. 30 + 48 + 12 = 90. Bí kò bá pé báyìí, ẹ ti fo nǹkan.

Ìyá Aláró: Ọwọ́ mọ aṣọ o! Oníko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ìko ara rẹ̀ ṣì máa ń hunjọ. Bí ẹ ò bá lọ̀ ọ́, kí ẹ sì ká gbogbo wọn bákan náà, ṣíṣà lẹ̀ ń ṣà á yẹn. 1/3 yín ò dúró.

Ọmọ Ìtòkú: Tó bá jẹ́ aṣọ 1,000 ńkọ́, ẹlẹ́kọ 600? 36/100 mi ṣì ń bẹ níbẹ̀.

Tísà Aké: 600/1000 × 599/999, bíi 0.3598. Níbẹ̀, mo fún yín. Àpò aṣọ 10 ni wọ́n bi yín.