Kí Ejò Ṣáà Má Lọ: Ta Ló Mú Igi Dání?

Bọ́kùnrin réjò, bóbìnrin pa á, kéjò ṣáà ti má lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin ò ní pẹ́ délẹ̀ kẹ́nìkan tó fi òwe yìí dáhùn, á ní ṣẹ́ ẹ rí i, àwọn baba wa ò kórìíra obìnrin, iṣẹ́ ni wọ́n ń wò. Òótọ́ ni. Àmọ́ kí obìnrin tó pa ejò, ó gbọ́dọ̀ rí igi mú lọ́wọ́. Ẹni tó gba igi lọ́wọ́ obìnrin tó tún wá ń pòwe fún un, ó ṣe é níkà, ohun tó sì ń dùn mí nípa Star Trek nìyẹn, síríìsì tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà nípa àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìn kiri òfuurufú láyé ọ̀la, tí mo fẹ́ràn gan-an, látọdún 1966 ni wọ́n ti ń fẹnu pa irú òwe yẹn, igi ló pẹ́ kó tó dọ́wọ́ obìnrin.

Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Fíìmù àkọ́kọ́ tí Gene Roddenberry, ẹni tó dá a sílẹ̀, fi dán an wò fún iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC, obìnrin ni igbákejì ọ̀gá ọkọ̀ níbẹ̀, Number One ni wọ́n ń pè é, Majel Barrett ló ṣe é. Ṣòkòtò ló wọ̀ bíi tàwọn ọkùnrin, orí ẹ̀ pé, inú kì í tètè bí i, nígbà tí wọ́n sì jí ọ̀gá gbé, òun ló ń darí ọkọ̀. NBC ní àwọn ò fẹ́. Roddenberry ní torí wọ́n rí obìnrin nípò yẹn ni, àwọn mìíràn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní rárá o, torí pé ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ ló fi síbẹ̀ ni. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ wo ibi tó já sí: Spock, ọkùnrin inú ọkọ̀ kan náà, gba àga obìnrin yẹn, ó tún gba ìwà ẹ̀ mọ́ ọn, orí pípé yẹn, ìfarabalẹ̀ yẹn, gbogbo ẹ̀ pátá. Majel Barrett padà wá lóòótọ́, àmọ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n sọ ọ́ dà, nọ́ọ̀sì tí ìfẹ́ Spock ń pa. Obìnrin kan náà o! Ṣòkòtò sì di síkẹ́ẹ̀tì pénpé. Mi ò bá síkẹ́ẹ̀tì jà ṣá, Nichelle Nichols tó wọ̀ ọ́ sọ pé òun ò rí i bí àbùkù, òmìnira ló jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ obìnrin láyé ìgbà yẹn. Àga yẹn ni mò ń bínú sí.

Ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 1969 ni wọ́n gbé èyí tó kẹ́yìn nínú síríìsì àkọ́kọ́ yẹn jáde. Obìnrin kan, Janice Lester, gbé ara Captain Kirk wọ̀ torí ó fẹ́ darí ọkọ̀, ó sì fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ pé ayé àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ò gba obìnrin, ni wọ́n bá ṣe é bíi pé wèrè ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ayé tí wọ́n ní ebi àti òṣì ti tán nínú ẹ̀ o! Bẹ́ẹ̀ ní 1963, ọdún mẹ́fà ṣáájú, Valentina Tereshkova ará Soviet ti dá nìkan wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, ó sì yí ayé po nígbà 48. Obìnrin ti pa ejò lójú ayé, àwọn tó ń sọ ìtàn ọ̀la ṣì ń ronú bóyá ó lè gbé igi.

Uhura, obìnrin inú ọkọ̀ tí Nichelle Nichols ṣe, ni ò jẹ́ kí n lè pa síríìsì yìí tì. Nichols ti fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, Martin Luther King ló ní kó má lọ, bí Nichols fúnra ẹ̀ ṣe sọ. Ó dúró, Mae Jemison sì ń wò ó láti kékeré, òun náà ló wá di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé òfuurufú ní 1992.

Ibi tí mo rò pé wọ́n ti gbọ́ òwe yẹn yé jù ni Deep Space Nine, síríìsì Star Trek mìíràn, lọ́dọ̀ àwọn Ferengi, ẹ̀yà kan láti ayé mìíràn. Oníṣòwò ni wọ́n, òfin wọn ò jẹ́ kí obìnrin wọ aṣọ, kò sì gbọdọ̀ jèrè kọ́bọ̀. Ishka, ìyá ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Quark, wá ń ṣòwò lábẹ́lẹ̀, èrè ẹ̀ sì ju tọmọ ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, Grand Nagus tó jẹ́ olórí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan, Ishka ló ń bá a ronú láti ẹ̀yìn, baba ló ń gba ìyìn. Ejò kú, wọ́n ní ọkùnrin ló pa á. A máa ń fi Ferengi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ rántí Number One kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní látìgbà tí Kathryn Janeway ti di ọ̀gá ọkọ̀ nínú Star Trek: Voyager ní 1995, tàbí látìgbà Michael Burnham, obìnrin lòun náà, nínú Star Trek: Discovery ní 2017, ọ̀rọ̀ fẹ́mínísìmù ti ba fíìmù jẹ́, mo bẹ̀ yín, ìtàn tí ò bá dáa ẹ sọ pé ò dáa, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n tí Kirk bá ṣàṣìṣe ẹ ní Kirk ló ṣe é, tí Janeway bá ṣe é ẹ ní obìnrin ni, ìyẹn ò dáa rárá. Ẹ̀yin ọmọbìnrin náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀gá kan ṣoṣo pa yín lẹ́nu mọ́. Inú ọkọ̀ Janeway kan náà ni wọ́n gbé obìnrin kan tó ń jẹ́ Seven of Nine wọ̀ ní 1997, ọpọlọ ẹ̀ jí pépé, àmọ́ aṣọ fífún pinpin ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn wá.

Nígbà míì tẹ́ ẹ bá sì ń wo ti àtijọ́ yẹn, ẹ má yára fo ibi tí orúkọ ti ń jáde. Ẹ máa rí D.C. Fontana níbẹ̀, òun ló kọ èyí tá a ti kọ́kọ́ rí bàbá àti ìyá Spock. Dorothy lorúkọ ẹ̀. Ó fi lẹ́tà méjì bo orúkọ ara ẹ̀, kí wọ́n lè ka ìtàn ẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé obìnrin ni.