Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tí Ń Dìde Kí Ìfilọ̀ Tó Parí

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, bí oníwàásù bá ti jókòó, tí akọ̀wé ìjọ sì dìde pẹ̀lú bébà lọ́wọ́ láti ka ìfilọ̀, ariwo kan a máa sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Àjàṣẹ́, ìlú tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ariwo àpò tí wọ́n ń gbé ni, ti bàtà ọmọdé tí wọ́n ń wá lábẹ́ bẹ́ǹṣì ni, ti ìyá tí ń pọn ọmọ ni. Kí akọ̀wé tó dé orí ìpàdé Ọjọ́rú, àwọn kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bá ọlọ́kadà tí a ń pè ní zémìjáǹ dúnàádúrà. Ní oṣù tó kọjá, mo dá ọ̀dọ́kùnrin kan dúró níbẹ̀, mo bi í léèrè pé kí ló dé tí kì í lè dúró títí a ó fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ó tẹríba, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: “Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ti gbọ́ ìwàásù, ìyẹn ti tó mi. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ọ́ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.”

Òwe mi ló fi dá mi lóhùn, mo sì jẹ́ kí ó máa lọ, nítorí pé àgbà tí a bá fi òwe ara rẹ̀ dá lóhùn kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí yóò sọ lójú títì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà lọ, tí mo ń rò ó bọ̀. Nígbà wo gan-an ni àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí? Wọ́n ń pa á fún ẹni tí òwò kan ti kọ̀ fún, fún ọmọ tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, fún obìnrin tí ó kan ìlẹ̀kùn kan tí wọn kò ṣí i. Ẹni tó ń bọ̀ láti Sakété kò ní gba ọ̀nà tí ẹni tó ń bọ̀ láti Adjarra gbà wọ ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín. Bí wọ́n bá dí tọ̀hún, tìhín ṣì là sílẹ̀. Ìtùnú ni òwe náà jẹ́ fún ẹni tí ọjà ń wù tí ọ̀nà sì há mọ́. N kò tíì gbọ́ kí wọ́n pa á rí fún ẹni tí ó dúró sí oríta, tí ó yọjú wo àtẹ lókèèrè, tí ó sì padà sílé. Àwa tí a ń pa á lónìí a máa di “ọ̀nà kan” mú gírígírí, a ó sì jẹ́ kí “wọ” bọ́ lọ́wọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ara ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni gbogbo ẹrù òwe náà wà.

Ọmọ Kétu ni mí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Àjàṣẹ́ ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi. Ní Kétu, a ní ẹnubodè kan tí gbogbo ayé mọ̀, Àkàbà Ìdènà, tí àwọn baba wa kọ́ sẹ́nu odi àti yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká. Ogun ló fa irú ilé ìṣọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlú tí ọ̀tá ń ṣọ́ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ń wọlé, kí ó sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Síbẹ̀ náà, àwọn ọmọ ogun Dáhòmì fọ́ Kétu ní ọdún 1886. Bí odi ti ń gbé ni ìyẹn. Ọjà kì í gbé bẹ́ẹ̀. A kì í fi yàrà yí ọjà ká, nítorí pé ẹni púpọ̀ ni a fẹ́ kí ó wọlé, láti ibi púpọ̀. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn pé èyí tó pọ̀ nínú ìjà tí a ń jà nínú ìjọ kò ju pé àwọn kan ń kọ́ odi, nígbà tí àwọn yòókù rò pé ọjà ni wọ́n ń ná.

Kí ni ó wà nínú bébà akọ̀wé tí ẹ ń sá fún? Ní àkókò yìí, ohun tí ń bọ̀ pọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin Ádífẹ́ǹtì tí a ó fi dúró de Kérésìmesì wà níbẹ̀. Ìsìn àìsùn ọdún wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìsìn májẹ̀mú tí àwa ọmọ Mẹ́tọ́dísìtì máa ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, èyí tí John Wesley, ẹni tí ó dá ìjọ Mẹ́tọ́dísìtì sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọdún 1755, tí a fi ń tún ara wa fi fún Ọlọ́run bí ẹni tún ilé tí òjò ti ń jò ṣe. Lẹ́yìn wọn ni kíláàsì àwọn tí yóò ṣe ìrìbọmi, ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin, ìbẹ̀wò sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn, ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin, àti ọjọ́ tí a ó gbá àyíká. Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, nínú orí kejì, ka ohun mẹ́rin tí àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ dúró nínú rẹ̀ ṣinṣin: ẹ̀kọ́, ìdàpọ̀, bíbu àkàrà, àti àdúrà. Ẹni tí ó gbọ́ ìwàásù tí ó sì lọ sílé ti mú ọ̀kan. Kò burú, ṣùgbọ́n mẹ́ta ṣẹ́kù lórí àtẹ.

Kíláàsì, ìyẹn àwùjọ kékeré ọmọ ìjọ tí aṣíwájú kan ń bójú tó, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé jù, nítorí pé òun ni a kórìíra jù, òun náà ni mo sì ti ṣẹ̀ sí jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1742, ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbèsè ilé ìwàásù wọ àwọn ènìyàn Wesley lọ́rùn. Wọ́n pé jọ láti wá bí wọn yóò ṣe san án. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Captain Foy dá a lábàá pé kí olúkúlùkù máa mú pẹ́nì kan wá ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹnìkan dáhùn pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní pẹ́nì náà. Ọkùnrin yìí wá ní kí wọ́n fi mọ́kànlá nínú àwọn tí ó tálákà jù sábẹ́ òun: òun yóò máa lọ bá wọn ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, èyí tí ó bá ní yóò fún òun, èyí tí kò bá ní, òun yóò san tirẹ̀ mọ́ tòun. Àwọn mìíràn gbà láti ṣe bákan náà. Nígbà tí wọ́n wá ń ti ilé dé ilé nítorí pẹ́nì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí wọn kò wá: ilé tí ìjà wà, ọkùnrin tí ó ti padà sídìí ọtí. Wesley rí i pé ohun tí òun ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ ni èyí. Bí owó gbèsè ṣe di ìtọ́jú ọkàn nìyẹn. Ọ̀nà gbèsè ni wọ́n gbà wọ ọjà náà.

Àwa gba ọ̀nà náà padà sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi mí ṣe aṣíwájú kíláàsì, mo ra ìwé tuntun, mo fa ìlà sí i gbọọrọ, mo kọ orúkọ àwọn ènìyàn mi sí apá kan, mo sì ya àyè owó kíláàsì sọ́tọ̀ ní apá kejì. Ẹni tí ó bá wá, tí ó sì san, mo sàmì sí i; ẹni tí kò bá wá, mo fi òdo sí i. Ìyá kan wà nínú wọn tí ó ń ta gàrí, tí òdo tò síwájú orúkọ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko. Òdo mẹ́jọ náà mọ́ tónítóní, ìlà mi kò wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, mo pàdé ọmọ rẹ̀ lọ́nà, ó sì sọ fún mi pé ìyá òun ti wà lórí ìdùbúlẹ̀ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ilé wọn kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ sí ilé mi. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ìyá náà fẹ́ dìde láti kúnlẹ̀ kí mi, kò lè dìde. Ohun àkọ́kọ́ tí ó sọ ni pé: “Ẹ má bínú, Bàbá, owó kíláàsì mi wà lábẹ́ ìrọ̀rí.” Ó ti di í pọ̀ sínú ìdí aṣọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé, kò dín kan. Òun rántí mi ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èmi ni n kò rántí rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ níbi tí ọ̀rọ̀ owó ti dé yìí, bí inú àwọn kan kò tilẹ̀ ní dùn sí mi. Àṣà kan ti wọlé ní àwọn ìjọ púpọ̀, pé bí ọmọ ìjọ bá kú, ìwé owó kíláàsì ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣí, wọn yóò sì ka iye tí ó jẹ sílẹ̀ fún ọmọ olóòkú kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìsìnkú. Mo mọ̀ pé ìjọ ní láti san owó iná àti owó oṣù. Ṣùgbọ́n bí òkú náà bá jẹ gbèsè ọdún mẹ́ta, ẹni tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè ni aṣíwájú kíláàsì tí kò bẹ̀ ẹ́ wò fún ọdún mẹ́ta. Odi ni a ń kọ́ bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, a sì fi olóòkú ṣe onídè.

Ti Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn òbí rò pé ibi ìṣeré ọmọdé ni, kí àwọn àgbàlagbà lè ráyè gbọ́ ìwàásù. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí wọn kò sì mọ̀wé ni Robert Raikes ṣí i fún ní Gloucester ní ọdún 1780; ìwé kíkà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwa náà nílò rẹ̀ fún ìwé kíkà. Bíbélì Yorùbá tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní ọdún 1884, tí Àjàyí Crowther fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe, ni a ń kà lórí àga ìwàásù. Ọmọ wa ń fi Faransé kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́. Bí ó bá sì rí Yorùbá lákọsílẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín, kp àti sh ni yóò bá níbi tí Bíbélì kọ p àti ṣ sí, ɛ àti ɔ ni yóò bá níbi tí Bíbélì fi àmì sábẹ́ lẹ́tà. Mo ti rí ọmọ ọdún méjìlá kan tí ó dúró síwájú ìjọ, tí ó ń wo ọ̀rọ̀ náà “ọpẹ́” bí ẹni ń wo àlejò, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wákàtí kan ní Ọjọ́ Ìsinmi, pẹ̀lú pátákó àti ẹfun, ti tó láti fi ojú ọmọ mọ ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì. A kò bẹ olùkọ́ tó mọ̀wé púpọ̀. Ẹni tí ó lè ka orin tí ó sì ní sùúrù ni a ń wá.

Ẹgbẹ́ akọrin kò nílò ìpolówó mi, wọ́n ń kígbe fún ara wọn.

Ẹ̀bi kò sì sí lọ́rùn àwọn tí ń dìde nìkan. Ìfilọ̀ wa gùn jù. Mo ti jókòó gbọ́ akọ̀wé tí ó ka orúkọ gbogbo ẹni tí ó fi omi inú ike tọrẹ, tí ó sì wá sáré ka ìpàdé àdúrà fún aláìsàn bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Ẹni a bá ń ná ọjà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ṣùgbọ́n bí olùtajà fúnra rẹ̀ bá di ariwo, ta ni a ó wò? Bí akọ̀wé bá sọ ohun mẹ́ta, ọjọ́ rẹ̀, aago rẹ̀, àti ẹni tí a ó bá sọ̀rọ̀, tí ó sì fi ìyókù lẹ̀ mọ́ ara ògiri, ọ̀pọ̀ ni yóò dúró. Bákan náà ni ti Ọjọ́rú: a kò gbọdọ̀ fi ìpàdé sí aago tí àwọn oníṣòwò ṣì ń palẹ̀ ọjà mọ́, kí a tún máa bínú pé wọn kò wá.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi dé Adjarra. Ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ná ọjà náà, èyí tí àwọn tí ń ka ọjọ́ ọjà mọ́ ara rẹ̀ ń pè ní ọrún, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni ó máa ń bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi. Obìnrin mẹ́ta nínú kíláàsì mi ń tajà níbẹ̀. Fún ọdún púpọ̀ ni mo ti ń fi òdo sí orúkọ wọn ní ọjọ́ náà, tí mo sì ń wàásù fún wọn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e nípa pípa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́, títí di ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn fi bi mí ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé ta ni yóò ra ata tí òun ti kó sílẹ̀ bí ó bá rà. N kò rí èsì fún un. Ní báyìí, bí ọjọ́ náà bá kù sí dẹ̀dẹ̀, a máa ń ṣe kíláàsì wọn ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, nínú àgbàlá ọ̀kan nínú wọn, láàárín apẹ̀rẹ̀ ata tí wọ́n ti dì sílẹ̀. Èyí tó kàn bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kejì Ádífẹ́ǹtì. Mo ti ní kí akọ̀wé fi í sínú ìfilọ̀, kí ó sì kà á ṣáájú, kí ọ̀dọ́kùnrin tí ó fi òwe mi dá mi lóhùn lè gbọ́ ọ kí ó tó dìde, nítorí pé òun ni mo fẹ́ bẹ̀ kí ó fi ọ̀kadà gbé mi dé ibẹ̀.