Ẹ Ṣí Kánsù Fáwọn Ará Ọ̀ṣun Kí Òjò Tó Dé Tán

Ọdún Àjíǹde 2025 ti wọlé, àwọn ọmọ Ọ̀ṣun ń bọ̀ wálé láti Èkó, láti Ìbàdàn, láti Àbújá, ìlú yìí ń ṣe ọjọ́ ìlú, ìlú tọ̀hún ń kówó jọ láti fi parí gbọ̀ngàn, ìdílé kan ń ṣègbéyàwó, òmíì ń sìnkú àgbà, òjò àkọ́rọ̀ náà sì ti ń rọ̀. Àmọ́ ibi tó yẹ kí wọ́n ti máa bójú tó ìlú lásìkò báyìí, ìyẹn sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ 30 tó wà nípìńlẹ̀ náà, ẹ wá òṣìṣẹ́ níbẹ̀ tì. Láti inú oṣù kejì ló ti rí bẹ́ẹ̀. NULGE, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ní káwọn èèyàn wọn jókòó sílé torí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín APC àti PDP lórí ta ni alága kánsù, wọ́n sì ń sún ọjọ́ ìpadà síwájú ṣáá, owó alòkéṣọ̀n tó ń wá láti Àbújá náà ti dúró. Ó ti lé loṣù méjì báyìí.

A sọ ọ́ nígbà tọ́rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, a tún sọ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀, a ò sì ní yé sọ ọ́: alága kọ́ ni kánsù. Alága ń wá, alága ń lọ. Wolé-wolé tó ń yẹ àyíká wò, dókítà ẹran tó ń yẹ màlúù wò lódò ẹran kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́jà, akọ̀wé tó ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, àwọn tó ń kó pàǹtí ọjà, àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni kánsù. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni du ipò, wọn ò sí nínú ẹjọ́ tó wà ní kóòtù, síbẹ̀ àwọn la ní kí wọ́n lọ jókòó sílé, ará ìlú tó ń lo iṣẹ́ ọwọ́ wọn la sì ń fìyà jẹ.

Ta ni alága gan-an? Kóòtù ló máa dáhùn ìyẹn. Àwọn APC di ìdájọ́ Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ọjọ́ 10 oṣù kejì mú, wọ́n ní ó ti dá àwọn alága tiwọn padà sípò, PDP ní irọ́ ni, wọ́n ní ìbò ọjọ́ 22 oṣù kejì táwọn ti kó gbogbo ipò ló fìdí múlẹ̀. Káwọn lọ́yà máa fà á lọ, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ohun tó ń bí wa nínú ni ohun tí tọ̀tún-tòsì wọn ń ṣe nígbà tí wọ́n ń dúró de kóòtù. Gómìnà Adémọ́lá Adélékè búra fáwọn alága tiẹ̀, ìyẹn àwọn ti PDP, tán, ó tún sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀ pé kí wọ́n má débi sẹkitéríàtì torí kíjà má bàa tún ṣẹlẹ̀, àwọn ti APC náà wọlé lọ jókòó sí sẹkitéríàtì, òṣìṣẹ́ kan ò sì sí tó máa gbé fáìlì fún wọn. Tá a bá ní ká kà wọ́n, alága méjì-méjì ló ń du kánsù kọ̀ọ̀kan, ọgọ́ta alága lápapọ̀, ará ìlú ò sì rí ẹyọ ẹnì kan tó máa bá wọn kó ààtàn tó ń ga sí i lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Èwo nìjọba nínú èyí?

Ẹ jẹ́ ká rán àwọn olóṣèlú wa létí ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, torí ó jọ pé wọ́n ti gbàgbé. Ìwé òfin ọdún 1999, ní apá kẹrin àwọn àfikún ẹ̀ tó wà lẹ́yìn, to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: itẹ́ òkú, odò ẹran, ọjà, gáráàjì, ilé ìyàgbẹ́ ará ìlú, ọ̀nà àárín ìlú, iná ojú pópó, gọ́tà, kíkó pàǹtí, fífún òpópónà lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sílé, kíkọ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sílẹ̀, títí kan fífún ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke níwèé àṣẹ. Wọ́n tún fi ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera kún un, pé kí kánsù lọ́wọ́ sí i. Kò sí nǹkan ńlá kan níbẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹni tó lè gbé ọ̀sẹ̀ kan nínú ìlú láìfi ọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn, ì báà ṣe ọmọ APC, ì báà ṣe ọmọ PDP, ì báà má tiẹ̀ dìbò rí.

Gọ́tà nìkan ti tó ká fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò ní sùúrù. Gbogbo iyanrìn tí ọyẹ́ gbé wá, gbogbo náílọ̀nù píọ́wọ́tà, gbogbo ewé àti pàǹtí tí wọ́n ti ń gbá sínú gọ́tà láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú ẹ̀ ni wọ́n ṣì wà. Àsìkò tí wọ́n ń kó o nìyí, láàárín òjò àkọ́rọ̀ sígbà tí òjò máa tẹnu mọ́ ọn, kí ẹrẹ̀ tí wọ́n bá kó jáde lè gbẹ kí wọ́n sì rí ọkọ̀ gbé e kúrò. Tó bá di oṣù kẹfà, kò wúlò mọ́, torí bí wọ́n bá ṣe ń kó o sétí gọ́tà ni òjò á máa gbá a padà sínú ẹ̀. Ará Òṣogbo tó ń gbé nítòsí odò Ọ̀ṣun ní apá Gbódófọ́n mọ ohun tá à ń sọ, àwọn tó nílé sí ẹsẹ̀ odò kéékèèké ní Ìwó, ní Ẹdẹ àti ní Iléṣà náà mọ̀ ọ́n. Tómi bá wá wọ yàrá àwọn èèyàn lọ́dún yìí, a ò ní fẹ́ gbọ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan ní Òṣogbo tàbí ní Àbújá wá sọ fún wa pé àmúwá Ọlọ́run ni. A ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí òjò tó dé.

Ọ̀rọ̀ ìwé ọmọ ìbílẹ̀ náà ń kọ́? Ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì, tàbí tó fẹ́ wọṣẹ́ ológun, tàbí tó fẹ́ gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, lára ìwé tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ ni èyí tí kánsù ìlú ẹ̀ fọwọ́ sí pé ọmọ ibẹ̀ ni. Báwo ló ṣe máa rí i gbà? Tó bá tiẹ̀ rí ẹnì kan tó bá a fọwọ́ sí i, ṣé ẹni tí kóòtù máa sọ lọ́la pé kì í ṣe alága ló fọwọ́ sí i ni? Ìgbéyàwó ńkọ́? Tọkọtìyàwó tó wálé láti wá forúkọ sílẹ̀ ní réjísìrì lásìkò ìsinmi yìí, ta ni kí wọ́n lọ bá? Àwọn nǹkan wọ̀nyí kéré lójú ẹni tó ń fi jíìpù lọ sípàdé ẹgbẹ́, àmọ́ ó lè ba ọdún kan jẹ́ mọ́ ọmọ tálákà lọ́wọ́.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ọdún ìbílẹ̀, a sì fẹ́ káwọn aláṣẹ fetí sí èyí dáadáa. Ìgbà Egúngún ń bọ̀ lọ́pọ̀ ìlú wa. Ṣé ẹ rántí oṣù kẹfà ọdún 2021 ní Òṣogbo, nígbà táwọn tó tẹ̀ lé eégún àtàwọn Mùsùlùmí kọlu ara wọn nítòsí mọ́sálásí, tí ẹ̀mí bọ́, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì fara pa? Kí irú ẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́, ó yẹ kí wọ́n ti máa jókòó báyìí, àwọn alágbàáà, àwọn ìmáàmù, àwọn pásítọ̀, aṣojú ọba, DPO, kí wọ́n fẹnu kò lórí ọ̀nà tí eégún máa gbà àti àkókò ìrun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gba iwájú mọ́sálásí. Kánsù ló yẹ kó pe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Báyìí tí kò sí kánsù, ta ló ń pè é? Lẹ́yìn ìyẹn lọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo lóṣù kẹjọ, táwọn àlejò máa wá láti Brazil, láti Cuba, láti Amẹ́ríkà. Ṣé ààtàn la fẹ́ fi kí wọn káàbọ̀ ni?

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó. Ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Kóòtù Tó Ga Jù Lọ dá a lẹ́jọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, pé gómìnà kankan ò láṣẹ láti dì í mú. Lateef Fagbemi, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀, ló gbé ẹjọ́ yẹn lọ, àwa náà sì wà lára àwọn tó yìn ín. Ǹjẹ́ tí gómìnà ò bá gbọ́dọ̀ dì í mú, àwọn ará Àbújá ṣe wá lè dì í mú? Wọ́n lè ní àwọn ò mọ ẹni táwọn máa kó o fún. Ó dáa, ṣùgbọ́n owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó tó fi ọgbọ̀n ọdún sin kánsù, inú owó yẹn ni gbogbo ẹ̀ ti ń wá, kò sì sí ẹni tó ń bá wọn ṣẹjọ́ pé àwọn kọ́ ló ṣiṣẹ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ dá owó tó wà lábẹ́ àṣẹ alága dúró tẹ́ ẹ bá fẹ́, títí kóòtù á fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wá ọ̀nà tí owó oṣù àti owó iṣẹ́ ìlú á fi máa jáde, ẹ̀yin lẹ ní amòfin, ẹ̀yin lẹ ní oníṣirò, ẹ má sọ fún wa pé kò ṣe é ṣe.

A ò dá NULGE lẹ́bi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 17 oṣù kejì kì í ṣe eré, ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, wọ́n pa èèyàn, títí kan ẹni tó ti ṣe alága rí ní Ìrẹwọ̀lé. Akọ̀wé tó níyàwó, tó lọ́mọ, kò yẹ kó tìtorí fáìlì gba ọta ìbọn. Ṣùgbọ́n a fẹ́ káwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ síta gbangba ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó padà: ṣé ọlọ́pàá mélòó lẹ́nu géètì ni, ṣé ìwé àdéhùn ni, ṣé ẹni tí kò sí nínú òṣèlú ni kó máa fọwọ́ síwèé? Sísún ọjọ́ síwájú láìsọ ohun tó máa fòpin sí i, ìjà àwọn olóṣèlú nìyẹn náà ń bá wọn jà.

Ọ̀nà àbáyọ ò sì le rárá. Kí àwọn alága méjèèjì-méjèèjì kúrò ní sẹkitéríàtì, èyí tí gómìnà búra fún àti èyí tó ní kóòtù dá òun padà, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má débẹ̀ títí ẹjọ́ á fi parí. Kí olórí àwọn òṣìṣẹ́ ní kánsù kọ̀ọ̀kan, tí kì í ṣe ẹni tí wọ́n dìbò yàn, máa darí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Kọmíṣánnà ọlọ́pàá ní láti fi àwọn èèyàn ẹ̀ sẹ́nu géètì kí wọ́n dáàbò bo òṣìṣẹ́, kì í ṣe kí wọ́n máa bá ẹgbẹ́ kan ṣọ́ ilé. Gómìnà Adélékè àtàwọn àgbà APC tí ọwọ́ wọn dé Àbújá lè parí èyí láàárín ìpàdé kan ṣoṣo tí wọ́n bá fẹ́, ìpínlẹ̀ kan náà ni wọ́n ti wá, ayẹyẹ kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó sí tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́ níwájú kámẹ́rà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 oṣù kẹrin, ni iṣẹ́ ìjọba á padà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi Àjíǹde. Ọjọ́ yẹn la fẹ́ kí wọ́n ṣí ọ́fíìsì wolé-wolé, ọ́fíìsì àwọn tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ àti ilé tí wọ́n ń tọ́jú ọkọ̀ akópàǹtí sí, ní gbogbo kánsù 30 pátá. Tí wọn ò bá ṣí i, kí gómìnà jáde lórí rédíò kó sọ fáwọn ará Ọ̀ṣun ìdí ẹ̀, kí àwọn ará Àbújá náà sọ tiwọn, kí wọ́n sì fi déètì sí i.