Kóńgò mélòó ni kọ́mítì yìí ń lò?

Gbogbo wa la jọ wo tẹlifíṣọ̀n ní Sánńdè ọjọ́ 7 Disẹ́ńbà 2025 yẹn, nígbà tí kọ́mítì College Football Playoff kéde ẹgbẹ́ méjìlá tó máa du ife bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà (American football), a ò ní máa tún ìtàn pa. Miami wọlé, Notre Dame wà níta. Ká tètè sọ ibi táwa dúró sí: Miami ló yẹ kó wọlé. Máàṣì mẹ́wàá ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wọn borí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n na ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, àwọn fúnra wọn sì ti kojú ara wọn lórí pápá lọ́jọ́ 31 Ọ́gọ́ọ̀sì, Miami na Notre Dame 27-24. Táwọn méjì bá ti jọ wọ̀yá ìjà tí ọ̀kan sì da ìkejì, kí la tún ń bi àwọn tó ń wòran?

Ohun tó ń bí wa nínú ni pé máàṣì Ọ́gọ́ọ̀sì yẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé. Ó ti wà ńlẹ̀ ní gbogbo Nòfẹ́ńbà. Túsìdeè lórí Túsìdeè ni kọ́mítì ń bọ́ sórí ESPN, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n eré ìdárayá, tí wọ́n ń to Notre Dame sókè Miami, táwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Notre Dame ń wò, táwọn òbí wọn náà ń wò, tí wọ́n sì gbà pé táwọn bá ṣáà ti ń borí, ó ti parí nìyẹn. Wọ́n sì borí o, máàṣì mẹ́wàá léraléra. Notre Dame na Stanford 49-20, Alabama làágùn kó tó na Auburn 27-20, Alabama ni wọ́n gbé gorí Notre Dame. Nígbà tó di ìparí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, Notre Dame ò gbá bọ́ọ̀lù, Miami ò gbá bọ́ọ̀lù, ilẹ̀ Sánńdè mọ́, Miami ti bọ́ síwájú Notre Dame. Alága kọ́mítì nígbà yẹn, Hunter Yurachek, ní BYU (ẹgbẹ́ Brigham Young University) tó wà láàárín Notre Dame àti Miami ló já wálẹ̀, pé ìgbà táwọn méjèèjì wá ń tẹ̀lé ara wọn làwọn tó fi máàṣì yẹn wé wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó dìgbà tí BYU bá kúrò lójú ọ̀nà kéèyàn tó mọ ẹni tó na ẹni?

BYU yẹn gan-an ńkọ́? Texas Tech nà wọ́n 34-7 ní fáìnà líìgì Big 12, wọ́n já wọn láti ipò 11 sí 12. Sátidé yẹn kan náà, Georgia na Alabama 28-7 ní fáìnà líìgì SEC, Alabama ò kúrò ní ipò 9 tó wà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n máa nà wọ́n ní sáà yẹn nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré sì ni wọ́n na BYU. Tí wọ́n bá ní kò yẹ kéèyàn jìyà torí pé ó dé fáìnà, a gbọ́, ó dáa, àmọ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún BYU náà.

Kò sí oníbàárà tó máa padà sọ́dọ̀ ìyá aláta tó ní kóńgò méjì lábẹ́ tábìlì. Láti 2023 la ti ń sọ èyí nínú ìwé ìròyìn yìí. Florida State gbá máàṣì 13, wọ́n borí gbogbo ẹ̀ gẹ́lẹ́, wọ́n gba ife líìgì ACC, kọ́mítì ní kí wọ́n jókòó sílé torí pé Jordan Travis tó jẹ́ quarterback wọn, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tó sì ń darí eré, ti fẹsẹ̀ ṣèṣe, Alabama tí wọ́n ti nà lẹ́ẹ̀kan ló gba àyè kẹrin. Nígbà táriwo pọ̀, àlàyé wọn ni pé ẹgbẹ́ mẹ́rin máa di méjìlá ní 2024, ìjà máa tán. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá! Àga ti di méjìlá, ẹni tó ń pín in ò yíwà padà.

Notre Dame bínú, wọ́n láwọn ò gbá bowl kankan mọ́, ìyẹn máàṣì ìparí sáà táwọn ẹgbẹ́ tí ò wọlé máa ń gbá. A ò fara mọ́ ìyẹn, torí àwọn ọmọ tó wà lọ́dún ìkẹyìn ni wọ́n fi máàṣì kan dù. Ṣùgbọ́n ìbínú wọn yé wa.

Ohun tá a fẹ́ ò le. Kí kọ́mítì kọ òfin sílẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sọ èyí tó ń ṣáájú èyí: ẹni tó na ẹni ló yẹ kó ṣáájú lójú tiwa, kí agbára àwọn tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá gbá tẹ̀lé e. Kí wọ́n gbé ìbò ẹnì kọ̀ọ̀kan síta, torí àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọ̀gá eré ìdárayá láwọn yunifásítì tó ń dupò yìí kan náà, pé wọ́n máa ń bọ́ síta tó bá kan ilé ìwé tiwọn ò tó. Kí wọ́n sì pa ètò Túsìdeè yẹn tì títí fáìnà gbogbo líìgì á fi parí, jàre, torí ìlérí ló ń jọ lójú ọmọ ogún ọdún tó ń wò ó.

Ojú ìwé kan péré là ń bèèrè.