Orí Òkè Ni Omíyalé Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Bí òjò bá ti ń ṣú ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ odò Ògùnpa ló máa ń wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Kò sì burú. Ẹni tó bá rántí ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tí odò náà gbé ilé, gbé ọjà, tó sì gba ẹ̀mí rẹpẹtẹ, kò ní í fojú yẹpẹrẹ wo òjò. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀. Nǹkan bí 187 mílímítà òjò rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, omi kún kọjá ìsédò Eléyèlé, ó gbé afárá lọ, èèyàn tó lé ní 100 ló bá a rìn.

Láti ìgbà náà, ojú odò ni gbogbo owó ń gbà lọ. Ní 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ omíyalé nílùú yìí. A kò ní kí wọ́n má tún afárá ṣe, a kò ní kí wọ́n má gbẹ́ odò. Ohun tí à ń wí ni pé odò kì í dá omi ṣe. Orí òkè ni omi ti ń bọ̀, orí òkè náà ni a kò bójú tó.

Ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe ń gba omi níbi tí igbó bá ṣì wà, bíi inú ọgbà IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ẹ ká ewé gbígbẹ kúrò nílẹ̀: ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rọ̀, imí ekòló kún un, ihò ekòló àti ihò gbòǹgbò tó ti jẹrà lu ú káàkiri. Ihò wọ̀nyí ni òjò ń gbà wọlẹ̀, tí yóò sì máa rọra yọ́ sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ títí dé àkúrọ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè. Omi tuntun á máa ti omi tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ síwájú, débi pé púpọ̀ nínú omi tó ń wọ odò lẹ́yìn òjò àná kì í ṣe ti àná, òjò ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù tó kọjá ni. Àkúrọ̀ tó ti mumi yó ni kì í gbà mọ́. Orí rẹ̀ ni òjò ti ń ṣàn lójú ẹsẹ̀, bí òjò bá sì ṣe ń pọ̀ ni ibi tó yó yẹn ń fẹ̀. Ẹ̀fọ́ ni àwọn tó mọ ilẹ̀ ń gbìn sí irú ibẹ̀, wọn kì í kọ́lé sí i.

Ní IITA yìí kan náà, ní àwọn ọdún 1970, Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀, wọn omi tó ń ṣàn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ibi tí wọ́n ro tí wọ́n fi sílẹ̀ lásán, àgbàrá kó o lọ. Ibi tí wọ́n fi koríko gbígbẹ bò, díẹ̀ bíńtín ni omi tó kúrò lórí rẹ̀. Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Kí wá ni à ń ṣe? Katakata ń hú igi, wọ́n ń gbẹ́ yangí lára òkè tà, èyí tó kù nínú ilẹ̀ la fi síméǹtì àti íńtálọ́ọ̀kì dí pa láti géètì dé ẹ̀yìnkùlé. Òjò 187 mílímítà yẹn, lórí pílọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ ní 120, ó tó 125,000 lítà, ìyẹn táńkà omi oní-10,000 lítà méjìlá àti ààbọ̀. Bí ilẹ̀ kò bá gba ìkankan nínú rẹ̀, ìta ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ẹ wá ka iye pílọ́ọ̀tì tó wà ní àdúgbò kan! Àwọn kan náà tí omi ń lé jáde nílé ní oṣù Kẹsàn-án ni kànga wọn ń gbẹ ní oṣù Kejì, tí wọ́n ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà. Omi tí ilẹ̀ kò rí mu lásìkò òjò ni wọ́n ń wá kiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun ò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Onílé tó wà ní Mọ́lété, báwo ni yóò ṣe kọ̀ fún omi tí wọ́n tì sọ̀kalẹ̀ sí i láti Bódìjà àti Òkè Àrẹ̀mọ? Àwọn kan yóò ní ìlú ń gbòòrò, pé àwọn èèyàn nílò ilé. Òótọ́ ni. Ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ náà nílé.

Nítorí náà, a fẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ dáwọ́ dúró láti máa fúnni níwèé àṣẹ ilé kíkọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, àfi bí pílàànù bá fi hàn ibi tí òjò orí òrùlé àti ti àgbàlá yóò ti wọlẹ̀. Kí gbígbẹ́ yangí lára òkè dópin láàárín ìlú. Kí àkúrọ̀ tó kù má di ilẹ̀ títà, ìbáà ṣe ọmọ onílẹ̀ ló ń tà á, ìbáà ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ló fọwọ́ sí i. Kí àwọn odò kéékèèké tí kò tilẹ̀ lórúkọ nínú máàpù ní ààlà tí ilé kò gbọdọ̀ wọ̀, torí àwọn ló ń para pọ̀ di Ògùnpa, Kúdẹtì àti Ọ̀nà. Kí wọ́n ti apá òkè Ògùnpa bẹ̀rẹ̀, láti Àṣì wá sí Bódìjà, kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé.