Kí Katapílà Tó Dé Ni Kí Owó Ti Dé

Ẹyẹ kékeré kan wà lágbègbè Austin ní Texas, golden-cheeked warbler lorúkọ rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán bíi wúrà. Ní gbogbo ayé, Texas nìkan ló ti ń yé ẹyin. Èèpo igi tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní kédárì ló fi ń kọ́ ìtẹ́: á bó o tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, á fi òwú aláǹtakùn so ó pọ̀. Igi àgbà nìkan ni èèpo rẹ̀ ṣeé bó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gé igi àgbà lónìí, tí wọ́n gbin ẹgbẹ̀rún mìíràn lọ́la, ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹyẹ yìí kò fi ní rí nǹkan kọ́lé.

Ta ló wá ni igi náà? Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Texas kò tó ìdá 2 nínú 100. Olóko màlúù, ìdílé àti àwọn tó ń kọ́ ẹ́sítéètì ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ra ilé tuntun ní Houston àti Dallas mọ bí ẹ́sítéètì ṣe ń jẹ pápá run. Káàkiri Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ẹ́ parun ló ní ibùgbé lórí ilẹ̀ aládàáni. Nítorí náà, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn ìpínlẹ̀ láti fi ṣètò ààbò ẹ̀dá lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ kì í ṣe owó tó yẹ kí Kóńgírẹ́ẹ̀sì, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ mú ọ̀bẹ sí nígbà bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Òfin ààbò àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ẹ́ parun, tí Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí lóṣù Kejìlá 1973, le. Ẹni tó bá pa irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀, tàbí tó ba ibùgbé rẹ̀ jẹ́ débi tó fi kú, ti rúfin. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹ̀rù òfin yìí ṣe fún àkókó kan ní North Carolina. Àkókó inú àlọ́ tiwa ló fọ́nnu pé òun á gbẹ́ pósí fún ìyá òun. Èyí kì í fọ́nnu, inú igi páìnì àgbà tó ṣì wà láàyè ló ń gbẹ́lé sí, ihò kan sì lè gbà á lọ́dún mélòó kan. Á tún máa sọ ihò wẹ́wẹ́ yí ẹnu ọ̀nà ká, kí oje lè máa ṣàn, kí ejò má baà gòkè. Onílẹ̀ rò ó wò: bí igi mi bá gbó, àkókó á wá, bí àkókó bá wá, n kò lè gé igi mi mọ́. Ló bá gbé ayùn. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé gbé jáde ní 2003 fi hàn pé bí igbó bá ṣe súnmọ́ ẹyẹ yìí tó ni wọ́n ṣe ń tètè gé e.

Àdéhùn ló yí i padà. Ní 1995, ìjọba sọ fún àwọn onílẹ̀ Sandhills níbẹ̀ pé: ẹ tún igbó ṣe, ẹyẹ tó bá lé lórí iye tó wà tẹ́lẹ̀ kò ní di ẹrù sí yín lọ́rùn. Wọ́n gbà. Ní 2024, ìjọba sún àkókó yìí kúrò lára àwọn tó wà nínú ewu tó le jù. Àdéhùn nìkan kọ́, ilẹ̀ àwọn ológun náà ṣe gudugudu méje.

Àdéhùn ń gba owó. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jí lọ ka ẹyẹ, ẹnì kan á ya máàpù, lọ́yà á kọ̀wé, ìpàdé á sì pọ̀ bíi yanrìn. Ìjọba ìbílẹ̀ kékeré kò lágbára rẹ̀. Owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn ìpínlẹ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́: ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ dá ìdá 25 nínú 100 níná, tàbí ìdá 10 bí ìpínlẹ̀ méjì bá pawọ́ pọ̀. Apá kan rẹ̀ ń ti ara epo tí wọ́n ń wà lójú òkun wá.

Austin ṣe tirẹ̀. Ní 1992, àwọn ará ìlú dìbò pé kí ìlú yá mílíọ̀nù 22 dọ́là láti fi ra ilẹ̀ igbó. Ní 1996, ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀ Travis gba ìwé àṣẹ ọgbọ̀n ọdún lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ pé ìkọ́lé lè máa lọ bó bá tilẹ̀ kan ibùgbé ẹyẹ, wọ́n sì fi ohun tó ju 30,000 éékà sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé á sanwó, á gba ìwé, á bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn kan ní kí ló kan owó orí wọn. Ẹjọ́ àwọn ọ̀rẹ́ igbó ló wúwo létí wa: wọ́n ní ìwé àṣẹ wọ̀nyí ń gbà kí wọ́n pa lára ẹ̀dá, àti pé bí nǹkan bá yí padà lẹ́yìn ìbuwọ́lù, ìjọba ti ṣèlérí pé òun kò ní béèrè ilẹ̀ tàbí owó mìíràn lọ́wọ́ onílẹ̀. Òótọ́ ni. Kí ètò tó bá jẹ owó ìlú máa gbé iye ẹ̀dá tó kà síta lọ́dọọdún, kí gbogbo ayé rí i.

Kí Kóńgírẹ́ẹ̀sì sì ya owó náà sọ́tọ̀ fún ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Oṣù Kẹta ni ẹyẹ ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wúrà ń ti Mẹ́síkò àti ẹkùn rẹ̀ dé. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, ó ti padà. Owó tó bá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án kò ní bá ẹyẹ kankan nílé láti kà.