Kì í ṣe àìmọ̀kan
N kò gbà pé àìmọ̀kan ni kì í jẹ́ kí àwọn aboyún ìgbèríko lọ fún ìtọ́jú, bí ìròyìn kan tí mo kà ti wí. Ní abúlé ìyá mi, owó ọ̀kadà ló ń dá wọn dúró, títí tí nọ́ọ̀sì kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára nínú àpótí oníyìnyín wá ní ọjọ́ ọjà, tí ó sì ń yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn arúgbó wò lábẹ́ igi. Wọ́n gbé nọ́ọ̀sì náà lọ sí ìlú, ẹnikẹ́ni kò rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó kọ̀wé nípa ìròyìn náà ṣáájú mi ń béèrè fún dókítà. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé, ìyẹn ìtọ́jú ìpìlẹ̀ tó sún mọ́ ará ìlú, ni Olikoye Ransome-Kuti, tó di mínísítà ìlera Nàìjíríà ní ọdún 1985, tẹnu mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ àti nọ́ọ̀sì ló sì pọ̀ jù nídìí rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, kì í ṣe dókítà.